Rélùwéè Itakpe sí Warri: ṣé ó bá ará Kabba mu?

Ọkọ̀ náà kọ́ ni wàhálà. Ọ̀nà tí ará Kabba, Iyara tàbí Mopa yóò tọ̀ kó tó bá a ni wàhálà.

Kò sí irin rélùwéè kan ṣoṣo tó gba ilẹ̀ Okun, ìyẹn ilẹ̀ Yorùbá ní ìpínlẹ̀ Kogi, kọjá. Láti Egbe títí dé Kabba, bí kì í ṣe mọ́tò, ọ̀kadà ni. Rélùwéè ìgbàlódé tó sún mọ́ ará Kabba jù ni ti Itakpe, lọ́dọ̀ àwọn Ebira, tó ń lọ sí Ujevwu lẹ́bàá Warri, nǹkan bíi kìlómítà 326. Ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni Ààrẹ Buhari tó ṣí i. Òkúta irin ni wọ́n torí rẹ̀ là á, kí wọ́n lè máa kó o láti òkè Itakpe lọ sí Ajaokuta àti sí iléeṣẹ́ irin Aladja. Èrò ọkọ̀ kò sí nínú ìṣirò wọn nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ téṣàn rẹ̀ fi jìnnà sí ọjà àti gáréèjì. Ujevwu gan-an kì í ṣe àárín Warri. Ẹ ṣì máa wọ mọ́tò kí ẹ tó dé Effurun.

Ọ̀nà méjì ló wà láti Kabba. Èyí tó kúrú gba Okene, lẹ́yìn náà ẹ wọ mọ́tò Lokoja, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Itakpe. Èkejì gba Obajana. Kìlómítà 43 láti Kabba dé Obajana ti di kọnkéré báyìí, ó sì tẹ́jú. Láti ibẹ̀ ẹ jáde sí títì Lokoja sí Okene ní Zariagi, ẹ kọrí sí ọ̀nà Okene, Itakpe ń bẹ níwájú. Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn tírélà sìmẹ́ńtì sì pọ̀ lójú rẹ̀, àmọ́ òun ni à bá mú lásìkò òjò. Ọ̀nà yòówù kí ẹ mú, ọ̀kadà ló máa gbé yín wọ téṣàn. Ẹ bá a dúnàádúrà kí ẹ tó gùn ún.

Bí ọkọ̀ bá máa gbéra láàárọ̀, ẹni tó bá jí láti Kabba lọ́jọ́ yẹn ń fi orí la á ni. Mọ́tò Okene kì í ṣí àyàfi tó bá kún, rélùwéè kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ sùn sí Okene mọ́jú. Ẹ ka owó ibi tí ẹ máa sùn mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ibẹ̀ ni àròpọ̀ ti máa ń ṣì fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pariwo pé rélùwéè pọ́ọ́kú. Ẹ mú káàdì NIN dání. Ẹ tún wádìí aago lọ́jọ́ tó ṣáájú, torí wọ́n máa ń yí i padà.

Nínú ọkọ̀, ara a máa tu èèyàn ju inú bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún lọ fíìfíì. Ẹ lè na ẹsẹ̀, ẹ lè dìde rìn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ní kíláàsì tó kéré jù, ìjókòó dojú kọra, nítorí náà ẹni tí èébì máa ń gbé kó yan èyí tó kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ.

Ìdádúró ni àléébù rẹ̀. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà, kò dà bí ti Èkó sí Ìbàdàn tó jẹ́ méjì. Bí ọkọ̀ méjì bá ń pàdé bọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ yà sí téṣàn kí èkejì kọjá. Nítorí náà bí ẹ́ńjìnì kan bá kú sínú igbó lápá Agbor, ẹni tó wà ní Ajaokuta náà yóò jẹ nínú rẹ̀.

Olè irin tún wà níbẹ̀. Lórí ìtẹ́lẹ̀ kọnkéré kọ̀ọ̀kan, irin kóńkóló mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ ló di ojú irin mú, méjì ní ọ̀tún, méjì ní òsì. Wọn kò ju ọwọ́ èèyàn lọ, àwọn tó ń ra àlòkù irin sì ń rà wọ́n. Bí wọ́n bá yọ wọ́n tẹ̀lé ara wọn lójú kan, àlàfo mílímítà 1,435 tó wà láàárín irin méjèèjì á máa fẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, títí táyà irin á fi jábọ́ sínú. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ọkọ̀ kan yẹ̀ kúrò lójú irin nínú igbó Kogi níbí. Oṣù yẹn kan náà ni àwọn ajínigbé kó èrò ní téṣàn Igueben ní Edo. Ẹ má ṣe dúró pẹ́ ní téṣàn àárín igbó.

Ìpadàbọ̀ ló le jù. Bí ọkọ̀ ọ̀sán láti Ujevwu bá pẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú kí ẹ tó dé Itakpe. Ẹ má tẹ̀ síwájú lọ sí Kabba lálẹ́ yẹn, bó ti wù kí dírẹ́bà máa búra tó.

Ẹni tó ń lọ sí Benin, ẹ fi í sílẹ̀. Agbor ló gbà, kò kan Benin rárá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Lokoja tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, kò dé Lokoja. Ará Egbe tó ń lọ sí Èkó, Offa ló sún mọ́ yín, ojú irin ọ̀tọ̀ sì ni ti ibẹ̀, mílímítà 1,067, tí kò pàdé èyí níbì kankan. Ẹni tó ń kó èlùbọ́ lọ sí Warri tó ń kó ẹja gbígbẹ bọ̀ gan-an ló máa jèrè rẹ̀, bó bá ti lè di ẹrù rẹ̀ sí àpò kéékèèké tí ọwọ́ kan lè gbé. Epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ fi ọ̀rá di ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.