Substack: òǹkàwé pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà owó ló há fún àwa tá a wà ní Nàìjíríà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ fẹ́ kó mówó wọlé, Substack, ìkànnì tá a fi ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí ímeèlì àwọn òǹkàwé wa, ni mo ń lò, mo dẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Tó bá jẹ́ ká rí òǹkàwé ni, 5 nínú 5 ni mo fún un, àmọ́ tó bá kan owó, ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ò lè fún un ju 2 lọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yìn ín ná. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, inú ímeèlì ẹ̀ lohun tẹ́ ẹ kọ máa bá a, kì í ṣe pé Facebook á máa ṣa ẹni tó máa rí i. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dẹ̀ fẹ́ kúrò, ẹ máa kó gbogbo ímeèlì yẹn dání. Nígbà tí OkadaBooks, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta ìwé ní Nàìjíríà, kógbá sílé ní 2023, òǹkọ̀wé tí ò ní ímeèlì àwọn òǹkàwé ẹ̀ lọ́wọ́, níbo ló ti fẹ́ tún wọn rí?

Substack tún ní Recommendations, ìyẹn ètò tí òǹkọ̀wé fi ń júwe òǹkọ̀wé míì fáwọn òǹkàwé ẹ̀, tí wọ́n gbé dé ní 2022. Tí èèyàn bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òǹkọ̀wé tó ń júwe yín, orúkọ tiyín náà á yọ sí i lójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ wá àwọn tó ń kọ ohun tó jọ tiyín, kẹ́ ẹ jọ máa polówó ara yín. Àkọlé dẹ̀ ṣe pàtàkì o! Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ nípa oúnjẹ Ìjẹ̀bú, èyí tó pè ní "Bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́", èèyàn díẹ̀ ló ṣí i, ló bá kọ òmíì, "Ẹni tó bá ro ìkọ́kọrẹ́ bí ẹni ro àmàlà ti bà á jẹ́", háà, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní London bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, bẹ́ẹ̀ làwọn tuntun ń forúkọ sílẹ̀.

Owó wá ńkọ́? Nínú dọ́là 5 tí òǹkàwé bá san lóṣù, Substack á mú 10%, Stripe, iléeṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó náà, á mú 2.9% àti sẹ́ǹtì 30 pẹ̀lú díẹ̀ lórí ẹ̀, nǹkan bíi dọ́là 4 ló máa kù fún yín. Ìyẹn ò burú. Ohun tó ń dùn mí ni pé Stripe nìkan ni Substack ń lò láti sanwó fún òǹkọ̀wé, Stripe ò dẹ̀ jẹ́ kí ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ṣí àkáǹtì tààrà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ra Paystack wa, iléeṣẹ́ Nàìjíríà tó ń bá èèyàn gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti 2020! Àwọn èèyàn wa tó ní báńkì ní Houston tàbí London, tiwọn ti dáa.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo fi Substack kó òǹkàwé jọ lọ́fẹ̀ẹ́, mo wá kó àwọn tó dùn jù nínú ohun tí mo kọ sínú PDF, mo ń tà á lórí Selar, ìkànnì tá a ti ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀, líǹkì ẹ̀ wà nísàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà mi, náírà dẹ̀ ń wọ báńkì mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra àkáǹtì Stripe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí Stripe bá ti tì í pa, inú ẹ̀ lowó yín máa há sí.