Ojú irin ni kẹ́ ẹ náwó lé: ọdún mẹ́ta mi pẹ̀lú rélùwéè kékeré nínú àjà ilé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí fídíò ọjọ́sí tẹ́ ẹ ń bi mí pé níbo ni mo ti ra rélùwéè ìṣeré yẹn, ṣé ó dáa, ṣé kẹ́ ẹ ra irú ẹ̀ fọ́mọ yín, ẹ jẹ́ n kúkú sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Leeds ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mò ń ṣe, àjà ilé wa ni mo tò ó sí, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta báyìí.

Set àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rà, £110. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára ọ̀pọ̀ irú ẹ̀. OO ni wọ́n ń pe ìwọ̀n ẹ̀, ìyẹn ni pé ohun gidi fi nǹkan bí ìlọ́po 76 tóbi jù ú lọ, òun làwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń lò jù, HO tó jẹ́ 1:87 ló wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Jámánì, àmọ́ ojú irin kan náà làwọn méjèèjì ń gùn, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 16.5 mm. Ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan, wágọ́ọ̀nù mẹ́ta, kóńtírólà, àti ojú irin tẹ́ ẹ máa so pọ̀ yípo ló wà nínú páálí ẹ̀. Wákàtí kan ò pé tá a fi kọ́kọ́ tò ó sílẹ̀ ní pálọ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà yẹn, ó dojú délẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ kí ojú ẹ̀ lè bá ti ẹ́ńjìnnì dọ́gba, ó ní kí n má sọ̀rọ̀ rárá. Tó bá jẹ́ nǹkan tẹ́ ẹ ń wá nìyẹn, ẹ rà á, owó yín ò ṣòfò.

Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Á sáré, á dé ibì kan, á gbọ̀n, á dúró, àfi kẹ́ ẹ fi ìka tì í. Mo rò pé ẹ́ńjìnnì ló ti bàjẹ́, mo bá ra òmíràn ní £60, òun náà débẹ̀ ó dúró, inú sì bí mi gan-an. Bàbá òyìnbó kan wà ní òpópónà wa, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣe é, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá mi wò ó. Wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fi ìka nu orí irin, wọ́n gbé ìka náà sí mi lójú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n ní, "Ṣó o rí i, iná ò ríbi gbà."

Ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa o. Iná 12 volt tó ń wa ọkọ̀ yẹn, orí irin ló ń gbà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń gbé e wọ inú mọ́tò. Ìdọ̀tí tó bá jókòó sórí irin ti dí i lọ́nà nìyẹn. Gbogbo oríkèé tí irin méjì ti pàdé náà máa ń jẹ nínú iná, pàápàá tí ìdè kékeré tó so wọ́n pọ̀ bá ti tú díẹ̀, ìdí nìyẹn tọ́kọ̀ fi máa ń sáré lẹ́bàá kóńtírólà tó sì máa ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fa waya méjì tó nípọn gba abẹ́ pákó tí mo to ojú irin lé yíká, mo wá fi waya tín-ín-rín so irin kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn láti òkè. Bí wọ́n ṣe ń jó o nìyí: ẹ fi fáìlì ha ẹ̀gbẹ́ irin títí á fi dán, ẹ fi flux tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ mọ́ irin sí i, ẹ ti kọ́kọ́ yọ́ lẹ́ẹ̀dì sẹ́nu waya, ẹ wá fi iron tí wọ́n fi ń jó waya, tó gbóná dáadáa, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó tó. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ jù ú lọ, ike tó gbé irin dání á yọ́, mo ti yọ́ mẹ́rin. Iṣẹ́ yẹn gba oṣù kan lọ́wọ́ mi, ọjọ́ tí mo wá tan iná sí i, ọkọ̀ yípo láì yẹ̀, mo jókòó síbẹ̀ mo ń wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo nǹkan tí mo rà ni flexi-track, ojú irin tó ṣeé tẹ̀, ti ilé iṣẹ́ Peco, ìlú Beer ní Devon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹyọ kan gùn tó 914 mm, ọwọ́ lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Code 75, tí irin ẹ̀ ò ga tó ti code 100, ló jọ ti gidi jù, àmọ́ code 100 ni mo mú torí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ máa ń gùn ún láìsí wàhálà. Ibi tójú irin bá ti pín sí méjì, èyí tí iná ń dé àárín ẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, torí ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó bá gun èyí tí wọ́n fi ike ṣe àárín ẹ̀ lè kú síbẹ̀. Àṣìṣe kan tí mo ṣe: mo to irin kanra wọn gbágbáá, oòrùn oṣù keje wọ àjà, irin nà, kò ríbi nà sí, ó di kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ fi àlàfo tó fẹ̀ tó páálí tín-ín-rín kan sáàárín irin.

Tẹ́ ẹ bá lọ sí DCC, ìyẹn kóńtírólà digital tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan fi ń gbọ́ nọ́ńbà tiẹ̀, ẹ rántí pé nọ́ńbà 3 ni wọ́n sábà máa ń bá dé, ẹ yí i padà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ méjì á jọ gbéra.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù làwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń wá. Kí wọ́n tó dé, mo ti fi aṣọ àti ọtí isopropyl tí wọ́n fi ń nu nǹkan nu gbogbo irin, mo sì máa ń gbé kóńtírólà lé wọn lọ́wọ́ gan-an, torí ọmọ tí wọ́n ní kó máa wòran nìkan, ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa lò.

Dádì mi ní Ìbàdàn wò ó lórí WhatsApp, wọ́n ní ó dáa, "ṣùgbọ́n ti òyìnbó nìyẹn, tiwa dà?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ojú irin àtijọ́ tiwa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 tó dé Ìbàdàn ní 1901, fífẹ̀ ẹ̀ 1067 mm ni, tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ló jẹ́ 1435. Mo ṣírò ẹ̀: 16.5 mm tí mo ti tò sílẹ̀ yìí, tá a bá fi ìlọ́po 64 wò ó, ó fẹ́ẹ̀ bá 1067 dọ́gba. Ojú irin mi ò ní yí padà rárá, ilé àti ọkọ̀ ló máa tóbi sí i. Dádì ti ń fi voice note ránṣẹ́ lórí bí stéṣọ̀n Dùgbẹ̀ ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ibi táwọn èèyàn ń to ẹrù sí, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Àná ni mo gé ògiri àkọ́kọ́ látara páálí, ilẹ̀kùn ẹ̀ ga 33 mm.