Ọṣẹ dúdú, òrí àti kànìnkànìn ọjà Akẹ̀sán: òrí ló gbégbá orókè

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹlòmíràn lè máa ka èyí lórí ìdúró nínú ọjà. Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni owó yín ká nínú nǹkan ìtọ́jú ara ní Akẹ̀sán, òrí ni kí ẹ rà. Ọṣẹ dúdú ló tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì po nǹkan kan mọ́. Kànìnkànìn ìbílẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Kì í ṣe pé ó burú o; àwa tí à ń lò ó ni a kì í tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Akẹ̀sán ni ọjà iwájú ààfin Aláàfin, èyí tí iná jó ní oṣù kìíní ọdún 2020 tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì tún kọ́. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò ṣòro rí níbẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà á sì rí wọn lọ́jà tiwọn láìwọ mọ́tò wá sí Ọ̀yọ́. Ohun tó ṣòro ni kí ènìyàn mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn fi ẹnu ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Ó yá, òrí. Igi emi, tí a ti ń rí òrí, kì í hù nínú igbó kìjikìji. Igi ọ̀dàn ni. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ ní Òkè Ògùn, lápá Ṣakí, Kíṣí àti Ìgbòho, títí wọ ilẹ̀ Kwara. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni ẹ ó fi mọ ibi tí àléébù rẹ̀ ti ń wá. Èso tó já bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣà. Wọ́n á bó ẹran ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á se kóró rẹ̀, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á pa á, wọ́n á yan ohun tó wà nínú, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúnná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi omi pò ó, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ lù ú, títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Ọ̀rá yìí ni wọ́n ń kó, tí wọ́n ń sè kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ.

Bí kóró bá ti bu kí wọ́n tó yan án, òrí náà á kan, kò sí lọ́fínńdà tó lè bò ó. Bí wọ́n bá yan án jóná, òrí á dúdú díẹ̀, á sì máa rùn bí èéfín. Èyí kò pa ara lára, òórùn rẹ̀ nìkan ni ẹ ó bá fà á. Èyí tó yẹ kí ẹ sá fún ni èyí tí wọ́n fi ìkánjú sè, tí omi ṣì kù nínú rẹ̀. Ó máa ń wúwo lórí ìwọ̀n, owó omi lẹ sì ń san, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ bu.

Òrí tó dára máa ń wà láàárín funfun ògì àti pípọ́n rúsúrúsú. Ó ń ta sánsán bí kóró yíyan, ó sì ń yọ́ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á, nítorí ooru ara ènìyàn ti tó láti yọ́ ọ. Bó bá pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ bíi pupa inú ẹyin, ẹ bi òǹtajà ohun tó fi sí i. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ bu ṣíbí kan sínú gíláàsì tó mọ́, kí ẹ gbé gíláàsì náà sínú omi gbígbóná títí òrí yóò fi yọ́ tán, kí ẹ wá fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 láìfọwọ́ kàn án. Ojúlówó á mọ́ gaara. Bí omi bá dúró sábẹ́ rẹ̀, kò jinná. Bí ìyẹ̀fun funfun bá rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n ti po elùbọ́ tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má padà lọ sọ́dọ̀ ẹni náà mọ́.

Ohun kan wà tí àwọn oníbàárà máa ń torí rẹ̀ bá òǹtajà jà lásán: òrí tó ń ṣe wínníwínní lọ́wọ́ bíi gàrí. Kì í ṣe ayédèrú. Ooru ọ̀sán ló yọ́ ọ, ó wá ń dì díẹ̀díẹ̀ lóru, apá tó tètè ń dì nínú rẹ̀ sì ṣùjọ di wóró. Ẹ tún un yọ́ lórí omi gbígbóná (kì í ṣe lójú iná o, ìyẹn á jó o), ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ gbé e sínú omi tútù tàbí fíríìjì kó lè tètè dì. Yóò padà dán bọ̀rọ́.

Lílò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ò gbọ́. Òrí kì í fún ara lómi. Omi tó bá wà lára ló ń dè mọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá nu ara gbẹ, tó lọ jókòó, tó wọṣọ tán kó tó rántí fi òrí pa ẹsẹ̀, dídán lásán ló rí gbà. Bí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ kàn fi tówẹ̀lì tẹ ara, kí ó ṣì tutù díẹ̀, kí òrí sì kan ara láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìwọ̀n ẹ̀pà méjì tó fún apá méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yọ́ ọ kó di epo kí ẹ tó fi para. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè fi ìwọ̀n ẹ̀pà kan kún un fún gìgísẹ̀ tó bá ti là, kí ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ẹni tó bá fi òrí bo ara bí ẹni ń rẹ́ ilé, eruku ọyẹ́ ni yóò fi ara rẹ̀ ṣe ibùgbé, kọ́là aṣọ rẹ̀ á sì sọ ìyókù. Ẹni tí irorẹ́ ń yọ lójú, kó dán an wò lójú kan fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó fi pa gbogbo ojú.

Èyí tí a kò ní gbà lẹ́nu òǹtajà: wọ́n ní òrí ń dènà oòrùn. Agbára rẹ̀ sí oòrùn kéré jọjọ. Àfín tó bá gbára lé e láìwọ aṣọ alápá gígùn, láìdé fìlà, láìlo ìpara tí wọ́n ṣe fún oòrùn, ewu ló ń lọ bá. Wọ́n tún ní kí a fi sí ihò imú ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn. Ẹ má ṣe é. Epo tó bá gba imú wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ kékeré kì í jáde bọ̀rọ̀, ó lè dá àìsàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ́ ọmọ tuntun náà kì í ṣe ibi òrí; jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fún ìyá ní ilé ìwòsàn, ni tibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyá fi òrí díẹ̀ ra ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ọmọ lẹ́yìn ìwẹ̀, ìyẹn dára, ọmọ náà á sì sùn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó kóró emi tí a kò tíì ṣe lọ sí òkè òkun fún oṣù mẹ́fà, kí àwọn tó ń ṣe òrí nílẹ̀ wa lè rí i lò. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí àwọn òǹtajà ń jiyàn lórí owó kóró, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọṣẹ dúdú lákọ, ó lábo. Eérú èèpo kòkó, ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, tàbí ti ìdì ẹyìn tí wọ́n ti gbọn, ni wọ́n ń dà sínú ìkòkò tó ní ihò nísàlẹ̀, tí wọ́n ń da omi lé lórí. Omi tó ń kán jáde ló lágbára. Òun ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa. Potassium ló wà nínú omi eérú yẹn, ọṣẹ tí wọ́n bá sì fi potassium ṣe kì í le bí ọṣẹ ìfọṣọ. Ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí ojúlówó fi ń làágùn nígbà òjò, tó ń rọ̀ mọ́ ọwọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ kò sì dọ́gba: ibì kan á dúdú, ibì kan á rí bí ilẹ̀ pupa. Èyí tó dúdú bí eèdú láti òkè délẹ̀, tó le, tí igun rẹ̀ mú bí bíríkì, kọ́sítíìkì àti àwọ̀ ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Yóò fọ ara, ṣùgbọ́n òun kọ́ lẹ sanwó fún.

Ẹjọ́ tí ènìyàn máa ń rò mọ́ ọṣẹ dúdú ni pé ó ń ta ara, ó sì ń mú ara gbẹ. Òótọ́ ni, a sì mọ ìdí rẹ̀. Ìwọ̀n pH, èyí tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tàbí bó ṣe mú bí omi eérú, wà ní nǹkan bí 5 fún awọ ara. Ti ọṣẹ dúdú sábà máa ń wà láàárín 9 sí 10. Bí omi eérú bá tún pọ̀ ju epo lọ nígbà tí wọ́n ń sè é, á mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìṣù ọṣẹ ha ara ní tààrà, èérún eérú tó kù nínú rẹ̀ lè bó yín. Ẹ bù tó orí ìka àtàǹpàkò, ẹ fi omi rò ó lọ́wọ́ títí yóò fi hó, kí ẹ wá fi ìfófòó yẹn wẹ̀. Kó má pẹ́ ju ìṣẹ́jú méjì lọ lára. Ojú kò gbà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ra tuntun, ẹ fi ìfófòó díẹ̀ sí abẹ́ apá fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tàbí tó ń yún, ẹ fi fọ abọ́.

Ibi tí máàkì ọṣẹ dúdú ti já lulẹ̀ lọ́wọ́ wa ni àpòpọ̀. Wọ́n á po ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, wọ́n á po oyin, wọ́n á po osùn, owó á sì di ìlọ́po. Omi ọsàn kíkan ń pa agbára ọṣẹ ni: ọṣẹ náà á di wóró wóró, kò ní hó mọ́. Èyí tó kù nínú omi ọsàn náà lára, bí oòrùn bá pa á, ó lè bó ara kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Oyin kò ní wàhálà. Ẹ lè fúnra yín fi ṣíbí kékeré kan sí ẹ̀kún ọwọ́ ọṣẹ kan, kí ẹ lò ó tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí a ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fọwọ́ kàn rárá ni àpòpọ̀ tí wọ́n bá sọ pé ó ń mú ara pupa láàárín ọjọ́ mélòó kan. Eérú àti àdín kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè ṣe é ni hydroquinone, mákúrì tàbí oògùn steroid, mákúrì sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí ojú bá ń pupa tí oríkèé ìka sì ń dúdú sí i, ẹ jáwọ́.

Ní ti kànìnkànìn, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Tuntun rẹ̀ máa ń le, ó sì ní eruku. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú, ẹ lù ú, ẹ gé e sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi lò ó, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́, kì í ṣe lójú, kì í sì í ṣe fún ọmọ ọwọ́. Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ fún un, kí ẹ fi kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Èyí tí ẹ bá ká jọ sí igun balùwẹ̀ ní ọ̀rinrin, kòkòrò àìfojúrí lẹ ń sìn níbẹ̀, ọjọ́ tó bá sì ha ara yín ní ẹgbò, ẹ ti fún wọn ní ilẹ̀kùn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì. Kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, tọkọtaya náà.

Àwọn kan ń ta ọṣẹ dúdú pẹ̀lú ìlérí pé ó ń lé ìrònú lọ, pé ó ń mú oorun wá. Kò sí ohun tó wà nínú ọṣẹ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwẹ̀ alẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ènìyàn bá fi omi gbígbóná tó ṣeé fara dà wẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní wákàtí kan tàbí méjì kó tó sùn, ẹ̀jẹ̀ á sún sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ooru inú ara á gba ibẹ̀ jáde, ara á wá tutù wálẹ̀. Ìtutù yẹn ló ń pe oorun. Ẹni tó wẹ̀ tán tó bọ́ sórí ibùsùn lójú ẹsẹ̀ kò fún un láyè láti ṣiṣẹ́. Ẹ fi òrí ra àtẹ́lẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ọrùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí fóònù wà ní yàrá kejì. Bí ẹnì kan bá wà nílé tó lè bá yín ra èjìká, ìyẹn tún ju kí ẹ dá a ṣe lọ, nítorí ọwọ́ ẹlòmíràn ń tu ara nínú ju ọwọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́, àìsùn tàbí pé nǹkan kan kò wu ènìyàn ṣe bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ dókítà ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti yunifásítì LAUTECH wà níbẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ ọn jù.

Fún ìpamọ́: ọṣẹ dúdú nínú ike tó dé pinpin, kí ẹ máa bu èyí tí ẹ fẹ́ lò lọ́jọ́ náà sọ́tọ̀. Òrí kò fẹ́ omi àti ìmọ́lẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ tútù bù ú. Igbá fínfín Ọ̀yọ́ tí àwọn kan ń kó o sí lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n igbá ń mu epo, òórùn ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í sì í tán nínú rẹ̀. Ìgò tàbí ike tó mọ́ ni kí ẹ lò.

Ẹ ra èyí tó kéré jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà kí ẹ fi ìka tọ́ òrí wò kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Àárọ̀ sì ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó yọ́ ọ sínú abọ́, torí kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ mọ bí òrí tó ti yọ́ ṣe ń yọ́.