Gbàǹjo tàbí iye pàtó: èwo ló yẹ ohun ìṣeré àtijọ́?

Lórí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èèyàn lè gbé ọkọ̀ ìṣeré àtijọ́ sí gbàǹjo, tàbí kó lẹ iye pàtó mọ́ ọn.

Gbàǹjo lè gba ọjọ́ 1, 3, 5, 7 tàbí 10. Ọjà tó ṣọ̀wọ́n, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá lójú méjèèjì, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́. Olùrà á kọ iye tó ga jù tó lè san sílẹ̀. Ẹ̀rọ eBay á máa bá a fi owó kún un díẹ̀díẹ̀, kìkì ìwọ̀n tó fi borí ẹni kejì. Nítorí náà, bí ẹnì kan ṣoṣo bá yọjú, iye ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò san. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní dọ́là 1 kí èrò lè pọ̀ lè pàdánù ọjà olówó ńlá ní ọ̀fẹ́! Iye tó kéré jù tí ẹ lè gbà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó parí lóru, torí ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ olùrà ń sọ iye tí wọ́n fẹ́ san.

Iye pàtó dára fún ọjà tó wọ́pọ̀, tàbí èyí tí àwọn tó ń wá a kò pọ̀. Ó lè pẹ́ kó tó tà. Ẹ wo iye tí irú rẹ̀ ti tà, kì í ṣe iye tí àwọn olùtà ń béèrè. Àlá lásán ni òmíràn nínú ìyẹn.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ ya abẹ́ ọkọ̀, táyà àti etí páálí rẹ̀ ní fọ́tò. Bí wọ́n bá ti tún ọkọ̀ náà kùn lọ́dà tí ẹ kò sì sọ, olùrà lè dá ọjà padà.