Àga onítáyà fún ọmọdé tí kò lè rìn: èyí tó tóbi, tàbí èyí tí wọ́n wọ̀n fún un?

Àwọn òbí kan ní Àkúrẹ́ máa ń ra èyí tó tóbi, wọ́n ní ọmọ á dàgbà sínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ ìjókòó rẹ̀ a máa dẹ̀: ìbàdí ọmọ á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ á máa rọ̀ dirodiro, ẹ̀yìn á sì wọ́ díẹ̀díẹ̀.

Èyí tí wọ́n wọ̀n ni mo fara mọ́. Kí àlàfo tó tó ìka méjì wà láàárín etí ìjókòó àti ẹ̀yìn orúnkún, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó wọ́n o, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa tún un wọ̀n bí ọmọ ṣe ń ga. Ẹ wo táyà iwájú náà: kékeré a máa há sínú ihò ọ̀nà Ọjà Ọba.