Ilé eré ìdárayá kan ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta, fún ẹni tí fibromyalgia ń bá fínra

Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi lọ sí ilé eré ìdárayá yìí kí n tó kọ ohunkóhun nípa rẹ̀, nítorí pé ẹni tí fibromyalgia ń bá fínra kò lè fi ọ̀sẹ̀ kan mọ ibi tí ó bá ara rẹ̀ mu. Ìrora tí ó ń káàkiri ara fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú àárẹ̀ tí oorun kì í lé lọ, ni a fi ń mọ àìsàn náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í fi í hàn. Làkúrègbé ni àwọn ará ilé mi ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kì í ba oríkèé jẹ́.

Dókítà ni ó ní kí n máa ṣe eré ìdárayá. Nínú ìmọ̀ràn tí EULAR, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àrùn oríkèé ní Yúróòpù, gbé jáde ní ọdún 2016, eré ìdárayá nìkan ni wọ́n tẹnu mọ́ gidigidi nínú gbogbo ìtọ́jú àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n ní ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi lé mi kiri lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀.

Ti Ìbarà yàtọ̀. Kí olùkọ́ tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan, yóò bi mí pé, “Mà, ṣé ẹ sùn dáadáa lánàá?” yóò sì kọ èsì mi sínú ìwé kékeré kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo fi rìn lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ara mi ti ń yá, mo fẹ́ máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ náà sì dúró. “Ó tó, mà. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọ̀la.” Lọ́sẹ̀ kejì, ó di ìṣẹ́jú mẹ́fà. Nísinsìnyí, mo ń rin ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, mo sì ń gbé irin kílò méjì ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìrora náà kò lọ, ṣùgbọ́n mo tún ń pọn omi fúnra mi. Ìlú olókè ni Abẹ́òkúta, gbogbo ọ̀nà ilé mi ni ó gun tàbí tí ó dà gẹ̀rẹ́, nítorí náà ilẹ̀ títẹ́ tí ẹ̀rọ náà fún mi níye lórí púpọ̀.

Àléébù wà níbẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ibẹ̀ wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ kò sì ní ibi ìdìmú. Ẹ̀rọ amúlétutù dojú kọ ibi tí a ti ń gbé irin, òtútù sì máa ń mú kí ẹran ara mi le. Wọ́n ṣí mi nípò nígbà tí mo sọ ọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ni orin wọn ti ń pariwo jù, nítorí náà aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ń lọ.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti owó. ₦15,000 ni wọ́n ń gbà lóṣù, nígbà tí àìsàn náà sì dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọn kò fi ọjọ́ kan kún un fún mi. Àìsàn tí kì í ránṣẹ́ kí ó tó dé ni èyí. Ó yẹ kí irú wa lè máa san owó ọjọ́ tí a bá wá nìkan. Mo ti bá ọ̀gá wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, n ó sì tún sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí mo bá lọ san ti oṣù tí ń bọ̀.