Ẹ́kò tá a ṣe fún bọ̀dá mi n'Íbàdàn, ohun tó dáa níbẹ̀ àti ẹjọ́ tí mo ní

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ilé ayẹ̀wò kan tá a ti lọ ṣe ẹ́kò, ìyẹn skáànù ọkàn, n'Íbàdàn níbí ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nípa wọn, àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún wa lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi ò gbà á tán. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń mí gúlegúle nílé, tó ti ń lo oògùn látọjọ́ yìí tí kò sì san.

Bọ̀dá mi ni. Ọmọ ọdún 46, ó ń taṣọ ní Gbági, kì í mu sìgá, kì í mutí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àyà ń fún òun, pé tóun bá dùbúlẹ̀ gbalaja òun kì í rí èémí mí, àfi kóun jókòó kóun tẹ̀ síwájú ni ara fi ń tu òun díẹ̀. A rò pé ọgbẹ́ inú ni. Ìyàwó ẹ̀ ń se àgbo, èmi ń ra oògùn, kálukú sáà ń ṣe tiẹ̀. Ìgbà tẹ́sẹ̀ ẹ̀ wá wú tí iṣan ọrùn ẹ̀ ń yọ gàdàgbà, la gbé e lọ sí kílíníìkì kan ládùúgbò. Wọ́n ya ẹ́sírè, wọ́n ní ọkàn ẹ̀ ti tóbi, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, wọ́n wá kó oògùn fún un, èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ bọ̀dá mi ò ru rí! Ọjọ́ yẹn gan-an tí wọ́n wọ̀n ọ́n, 96/70 ló jẹ́, mo dúró tì wọ́n, mo fojú mi rí i. Mo béèrè, nọ́ọ̀sì ní oògùn ló ti ń ṣiṣẹ́ yẹn, nígbà tí kò tíì lo ẹyọ kan.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi lo oògùn ìtọ̀ yẹn, ńṣe ló ń burú sí i. Lọ́jọ́ karùn-ún ó dìde nínú ṣọ́ọ̀bù kó lọ fa léèsì yọ fún kọsítọ́mà, ló bá dákú. Àǹtí wa kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló pariwo mọ́ mi lórí fóònù pé kẹ́nikẹ́ni má fún un loògùn yẹn mọ́, ká gbé e lọ ṣe ẹ́kò lójú ẹsẹ̀.

Ẹ́kò ni wọ́n ń pe skáànù ọkàn. Irú skáànù tí wọ́n fi ń wo aláboyún náà ni, kò lo iná ẹ́sírè rárá, ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́ ni wọ́n ń rán wọnú àyà, ó ń kan nǹkan ó ń padà, ẹ̀rọ á wá fi ya àwòrán. Lóru ọjọ́ kan tí mi ò rí oorun sùn ni mo kà á pé Lund ní orílẹ̀-èdè Sweden ni dókítà kan tó ń jẹ́ Inge Edler àti onímọ̀ físíìsì tó ń jẹ́ Hellmuth Hertz ti kọ́kọ́ fi wo ọkàn ní 1953, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ irin wò bóyá ó ti sán nínú ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ilé ayẹ̀wò yẹn. Ẹjọ́ mi àkọ́kọ́ rèé: òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni yàrá ẹ́kò wọn wà, kò sì sí lífítì. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkàn wò o! Ẹni tí kò lè rìn dé balùwẹ̀ ni wọ́n ní kó gòkè. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń ṣọ́ géètì ló bá wa gbé e lórí àga, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. ₦35,000 lowó ẹ̀, POS wọn ń já, káàdì mi ò lọ, mo ń gbọ́ bí bọ̀dá mi ṣe ń mí lẹ́yìn mi, ara mi ń gbọ̀n. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà wo ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé ná, ẹ ṣì máa sanwó." Ó fi wá ṣáájú gbogbo èèyàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Dókítà obìnrin ló wà nínú. Wọ́n máa ń fẹ́ kéèyàn fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, bọ̀dá mi ò lè ṣe é, ó bá gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, ó sì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi jẹ́ẹ̀lì tútù sáyà ẹ̀, ó gbé nǹkan ọwọ́ ẹ̀ lé e, kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi dákẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń bá wa sọ. Ó di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mí sínú. Ẹ mí síta." Ó wá ní kémi náà fìka kàn án. Tó bá ti mí sínú, lílù iṣan yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lábẹ́ ìka mi, tó bá mí síta á tún padà. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Ó yí ojú ẹ̀rọ yẹn sí mi. Ọkàn bọ̀dá mi ló wà láàárín tó ń fì sọ́tùn-ún sósì bí ẹja nínú ọ̀rá omi, dúdú kan sì yí i ká. Ó ní, "Ẹ rí dúdú yìí? Omi ni, inú àpò tó bo ọkàn ló wà. Gbogbo wa la ní díẹ̀ níbẹ̀, kò ju ṣíbí mélòó kan lọ. Tiwọn ti pọ̀ débi pé ó ń fún ọkàn mọ́lẹ̀, kò ráyè là kẹ́jẹ̀ wọlé. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibí bó ṣe ń wó wọnú."

Mo ní ẹ́sírè ṣáà sọ pé ọkàn ló tóbi. Ó ní funfun kan náà ni omi àti ẹran ọkàn nínú ẹ́sírè, kò lè yà wọ́n, ó kàn rí nǹkan tó rí ràgàjì bí ìkòkò omi ni. Oògùn ìtọ̀ yẹn ńkọ́? Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń tiraka wọ ọkàn ni oògùn yẹn ń dín kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó mú un dákú nìyẹn. Inú mi ru, mi ò purọ́.

Ibi tí mo ti ń yìn wọ́n rèé. Kò ní ká lọ sílé ká wá gba rìsọ́ọ̀tì lọ́la. Òun fúnra ẹ̀ ló pe UCH, ọsibítù ńlá yẹn, ó fọwọ́ kọ ìwé, ó ní, "Ẹ ó gba rìsọ́ọ̀tì tí wọ́n tẹ̀ tó bá yá, ẹ má dúró." Ní UCH, skáànù náà ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń darí abẹ́rẹ́ wọ ibi tómi wà, wọ́n fà á, ó lé ní 800 ml, ẹ fojú inú wo pure water kan àtààbọ̀ tó yí ọkàn èèyàn ká, ó sì pọ́n bíi zóbò. Kí wọ́n tó fà á tán ló ti ń bi mí pé ta ló ti ṣọ́ọ̀bù òun.

Ikọ́ ife ni wọ́n rí nínú omi yẹn. Ẹni tí kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan o! Àṣé ẹ̀dọ̀fóró nìkan kọ́ ni TB, ìyẹn ikọ́ ife yẹn, ń wọ̀, ó ń wọ àpò ọkàn náà. Oṣù mẹ́fà ni oògùn ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ní ọsibítù ìjọba.

Nígbà tá a padà lọ fún ẹ́kò ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo bi dókítà yẹn pé kí ni nǹkan mí-ìn, yàtọ̀ sí omi inú àpò ọkàn, tó máa ń jọ háàtì àtáàkì (ìyẹn tí iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ fún ọkàn bá dí) tí kì í ṣe òun. Ó ní iṣan ńlá tó ń gbẹ́jẹ̀ kúrò lọ́kàn lè ya nínú, pàápàá lára ẹni tẹ́jẹ̀ ẹ̀ ń ru tí kò tọ́jú ẹ̀, ìrora ẹ̀ á ta láti àyà wọ ẹ̀yìn bíi pé wọ́n ń fa èèyàn ya. CT, ẹ̀rọ ẹ́sírè tó ń ya inú ara ní ìpele-ìpele, tí wọ́n ń fa omi kan sí iṣan fún, ló ń fi í hàn dáadáa, tí wọ́n bá sì rò pé háàtì àtáàkì ni tí wọ́n lọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, ó lè pa á. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀ tó gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró náà, CT ló ń mú un. Ó tún sọ ti àwọn ìyá tí ìbànújẹ́ ńlá bá lójijì, bí ẹni tó ṣòfò ọmọ, tí ọkàn wọn á wú nísàlẹ̀ tọ́rùn ẹ̀ á rí tín-ín-rín. Àwọn ará Jàpáànù ló kọ́kọ́ kọ nípa ẹ̀ ní 1990, takotsubo ni wọ́n ń pè é, orúkọ ìkòkò tí wọ́n fi ń mú ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. ECG wọn, ìwé tó ń ya bí iná ara ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, á jọ ti háàtì àtáàkì gẹ́lẹ́, àmọ́ tí wọ́n bá ya àwòrán iṣan ọkàn wọn, kò sí ohun tó dí i, púpọ̀ nínú wọn ló sì máa ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo dúró gbọ́ gbogbo ẹ̀, torí ìyá wa rèé tó ti lé ní 70.

Ẹjọ́ mi tó kù: rìsọ́ọ̀tì tí wọ́n tẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló tó jáde, ọmọ ọdún 64 ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Àtẹ̀gùn yẹn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ẹ́kò kékeré kan tó ṣeé gbé rìn lókè, mo rí i lórí tábìlì, mo wá bẹ máníjà wọn pé kí wọ́n jẹ́ kó máa wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá géètì fún àwọn tí kò lè gòkè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi. Oṣù tó ń bọ̀ la tún ń lọ, màá wò ó bóyá ó ti wà níbẹ̀.